ÌFURA L'OÒGÙN ÀGBÀ

N'ígbàkúùgbà tí ìròhìn bá dé pé àwọn alágbára ayé tún ti kọ ẹ̀yìn sí ara wọn, ọ̀rọ̀ kan náà ni à ń gbọ́ l'ẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn: pé ayé kì yóò ní ìsinmi títí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà yóò fi fọkàn tán ara wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn l'étí, ṣùgbọ́n kò tọ́ l'ójú wa. Bí ó bá jẹ́ ìfọkàntán ni a ń dúró dè, a ó pẹ́ l'órí ìdúró. Láti ìgbà tí àwọn méjèèjì ti ní àdó átọ́míìkì l'ọ́wọ́, kì í ṣe ìfẹ́ ni ó pa wá mọ́. Ọ̀nà tí wọ́n là fún ìfura wọn ni: pé kí iṣẹ́ lè máa lọ kí ó sì máa bọ̀ láàrín wọn, àti pé kí olúkúlùkù lè fi ojú ara rẹ̀ ka ohun tí ó wà l'ọ́wọ́ ẹnìkejì.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀ràn Kúbà, erékùṣù tí a kó ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá lọ l'ẹ́rú, tí àtọmọdọ́mọ wọn sì wà níbẹ̀ títí di òní. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962, ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà ya àwòrán l'ókè ibẹ̀, a sì rí i pé Rọ́ṣíà àti àwọn ilẹ̀ tí ó so mọ́ ọn, tí à ń pè ní Soviet n'ígbà náà, ń gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì olóró kalẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀. Ní ọjọ́ 18 oṣù náà, Gromyko, mínísítà Soviet fún ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè, jókòó ti Ààrẹ Kennedy, ó ní ìrànlọ́wọ́ tí àwọn ń ṣe fún Kúbà kò ju ti ààbò lọ. Ọjọ́ kejì ṣáájú ni Kennedy ti rí àwòrán náà; kò sọ ọ́. Èyí fi òtítọ́ pamọ́, èyí pa ẹnu mọ́. Irú ọ̀rọ̀ dídùn bẹ́ẹ̀ kò lè gba ẹnikẹ́ni là.

Ẹ sì wo bí iṣẹ́ ti ń lọ láàrín wọn nígbà tí ayé wà ní etí ọ̀gbun. Ìwé tí Khrushchev, olórí Soviet, kọ sí Kennedy ní ọjọ́ 26 gba bí wákàtí 12 kí ó tó dé ọwọ́ rẹ̀ tán. Bí Dobrynin, ikọ̀ Soviet ní Washington, bá fẹ́ fi wáyà ránṣẹ́ sílé, ọmọkùnrin kan ni yóò gun kẹ̀kẹ́ wá gbà á! Ẹ̀mí gbogbo ayé wà l'órí kẹ̀kẹ́ ọmọ kan.

Ní alẹ́ ọjọ́ 27, Robert Kennedy, àbúrò Ààrẹ, pàdé Dobrynin. Àdéhùn ibẹ̀ ni pé Soviet yóò kó rọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kúrò, Amẹ́ríkà kì yóò gbógun ti Kúbà, àti ní bòókẹ́lẹ́, Amẹ́ríkà yóò kó tirẹ̀ kúrò ní ilẹ̀ Tọ́kì. Inú rédíò ni Fidel Castro, onílé, ti gbọ́ pé a ti parí ọ̀rọ̀. A kì í fá orí l'ẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n wọ́n fá ti Kúbà l'ẹ́yìn rẹ̀. Ó bínú, ó kọ̀ kí olùbẹ̀wò kankan wọ ilẹ̀ òun. Kí ni wọ́n wá ṣe? L'órí òkun, àwọn ọkọ̀ Soviet ṣí aṣọ tí ó bo ẹrù wọn, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ka rọ́kẹ́ẹ̀tì náà títí ó fi pé 42.

Ẹ̀yin oníṣòwò mọ ìwà yìí. Ẹni tí ó ka owó l'ójú ẹni tí ó san án kò bú u. Ọjà ọ̀la ni ó ń tọ́jú. Àwọn alágbára náà kọ́ ọgbọ́n. Ní ọdún 1963, wọ́n fi ìlà wáyà so Moscow mọ́ Washington tààrà. Kì í ṣe tẹlifóònù bí ọ̀pọ̀ ti rò, ẹ̀rọ tí ń tẹ ọ̀rọ̀ sí ìwé ni. Ní oṣù kejìlá ọdún 1987, Reagan àti Gorbachev fi ọwọ́ sí ìwé pé àwọn yóò run irú rọ́kẹ́ẹ̀tì kan pátápátá. Reagan pa òwe àwọn ará Rọ́ṣíà fún àlejò rẹ̀: Fọkàn tán an, ṣùgbọ́n wádìí rẹ̀ wò. Gorbachev ní gbogbo ìgbà tí àwọn bá pàdé ni ó ń pa á, àwọn ènìyàn sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín kọ́ ni ó ṣe iṣẹ́ náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà lọ ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ kan ní Votkinsk, àwọn ará Soviet sì ń ṣọ́ òmíràn ní Magna ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí ó fi di ọdún 1991, rọ́kẹ́ẹ̀tì 2,692 ti di àrunbàjẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé, kíkà náà kò ha ti kùnà? Ní ọdún 2019 Amẹ́ríkà jáde kúrò nínú àdéhùn náà, ó ní Rọ́ṣíà ti rú u. Rọ́ṣíà ní irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ kíyèsí ètò ọ̀rọ̀ náà. Ní ọdún 2001 ni ìbẹ̀wò ti parí. Ní ọdún 2014 ni Amẹ́ríkà fi ẹ̀sùn náà hàn ní gbangba. Nígbà tí kò sí ẹni tí ń kà mọ́ ni awuyewuye gbilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìwé ọdún 2010, tí ó fi orí àdó olóró tí olúkúlùkù lè tò kalẹ̀ mọ sí 1,550. Àrùn kòrónà dá ìbẹ̀wò rẹ̀ dúró ní ọdún 2020, a kò sì tún bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Rọ́ṣíà fa ọwọ́ sẹ́yìn ní ọdún 2023. Ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 2026 ni ìwé náà sì fi ṣe òpin ara rẹ̀.

Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá tún gbọ́ pé àwọn ọ̀gá méjì pàdé tí wọ́n sì bọ ara wọn l'ọ́wọ́, ẹ má ṣe béèrè bóyá wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ohùn pẹ̀lẹ́ ní í yọ obì l'ápò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ojú ni a fi ń mọ obì tí kòkòrò ti jẹ. Ẹ béèrè pé: ta ni yóò lọ ka ẹrù ta ni, àti ní ọjọ́ wo? Ohun tí ó yẹ kí àwọn orílẹ̀-èdè kéékèèké máa fi ohùn kan bi wọ́n nìyẹn, nítorí bí àdó náà bá bú, kì yóò yọ ẹni tí kò sí nínú ìjà sílẹ̀. Kí wọ́n máa fura sí ara wọn, kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n máa kà. Bí a bá ń jà, bí i ká kú kọ́.