Igi Inú Ìkòkò: Àmánà Ni, Kì í Ṣe Ọ̀ṣọ́ Ọjọ́ Kan

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí ó ń rọ òjò, tí ó sì ń fi í sọ ilẹ̀ gbígbẹ di tútù. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀ lápapọ̀. Ẹ̀yin òbí wa, ẹ̀yin àgbà mọ́ṣáláṣí, àti ẹ̀yin ọmọ kéú wa, ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lọ́dún yìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré lójú ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ igi tí a gbìn sínú ìkòkò ni. Ṣùgbọ́n bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ owó wà nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ọmọ náà sì wà nínú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, abẹ́ igi ni ọ̀pọ̀ ilé-kéú wà. Àfáà a jókòó lórí ẹní tàbí awọ àgbò, àwọn ọmọ a yí i ká pẹ̀lú wàláà wọn, igi a sì ṣíji bo gbogbo wọn. Lónìí, a ti gé ọ̀pọ̀ nínú àwọn igi náà láti kọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, a sì ti da kọnkéré sí àgbàlá kí ẹrẹ̀ má baà wọ inú mọ́ṣáláṣí. A kò bá ẹnikẹ́ni wí nítorí èyí, nítorí pé ìmọ́tótó ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ kírun. Ṣùgbọ́n kọnkéré a máa gba oòrùn sára láti àárọ̀, a sì máa tú ooru rẹ̀ jáde títí di alẹ́. Ìdí nìyí tí àwọn ènìyàn fi ń ra igi àti òdòdó inú ìkòkò, kí ojú lè rí ewé tútù díẹ̀.

Èyí dára. Ohun tí kò dára ni bí a ṣe ń ṣe é. Bí wòlímọ̀ Àlùkùránì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, a ó ra ìkòkò mẹ́wàá tàbí ogún, a ó tò wọ́n láti ẹnu géètì títí dé ibi tí àwọn àlejò pàtàkì yóò jókòó sí. Wọn a dára nínú fọ́tò. Bí àlejò bá ti lọ tán, kò sí ẹni tí yóò bèèrè wọn mọ́. Kí oṣù méjì tó pé, ewé ti rọ, igi ti gbẹ, ìkòkò ti di ibi tí àwọn ọmọ ń ju ọ̀rá omi sí. Bí ọdún bá yí po, a ó tún ra òmíràn. Ìnákúnàá ni èyí, Àlùkùránì sì ti kìlọ̀ fún wa lórí ìnákúnàá.

Èrò tiwa ni pé igi inú ìkòkò jẹ́ àmánà. Igi tí a gbìn sí ilẹ̀ lè wá oúnjẹ ara rẹ̀. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé, gbòǹgbò rẹ̀ a wá omi lọ sí ìsàlẹ̀ àti sí ẹ̀gbẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tí a gbìn sínú ìkòkò kò ní ibi tí yóò lọ. Ìwọ̀nba iyẹ̀pẹ̀ tí a fún un ni gbogbo ayé rẹ̀. Omi tí a kò bá bu fún un, kò ní rí i mu. Ó dà bí ẹran tí a so mọ́lẹ̀. Gbogbo wa la sì mọ hádíìsì obìnrin tí ó ti ológbò mọ́lé, èyí tí Bukhari àti Muslim gbà wá. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kì í ṣe pé ó ní ológbò. Ó ṣẹ̀ nítorí pé kò bọ́ ọ, kò sì jẹ́ kí ó jáde lọ wá oúnjẹ fún ara rẹ̀. A kò sọ pé ọ̀kan náà ni igi àti ẹran nínú òfin ẹ̀sìn. Àwọn àfáà àgbà ló ni ìyẹn. Ohun tí a ń sọ ni pé ẹni tí ó bá fi nǹkan ẹlẹ́mìí sí ibi tí kò ti lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́, ìtọ́jú rẹ̀ ti di ẹrù ọrùn ẹni náà. Hádíìsì mìíràn sì kọ́ wa pé sàráà ni fún Mùsùlùmí tó gbin igi, tí ènìyàn, ẹyẹ tàbí ẹran bá jẹ nínú rẹ̀. Igi tí ó kú sí ẹnu géètì, ta ni yóò jẹ nínú rẹ̀?

Ìgbà ìsinmi ni àwọn igi wọ̀nyí ń kú jù. Ọ̀pọ̀ ilé-kéú wa ló ń gba ìsinmi gígùn nínú oṣù Ramadan. Oṣù yìí sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 yá sí i lọ́dọọdún nínú kàlẹ́ńdà òyìnbó. Ní 2025, ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ni àwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Nàìjíríà, nígbà tí oòrùn mú gan-an tí òjò kò tíì fìdí múlẹ̀. Bí ọdún ṣe ń lọ, yóò máa wọ inú ọyẹ́ lọ, títí ọdún 2030 yóò fi rí ìbẹ̀rẹ̀ àwẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ní oṣù Kìíní àti ní ìparí oṣù Kejìlá. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìgbà tí àwọn ọmọ kò ní sí nílé-kéú gan-an ni igi inú ìkòkò yóò nílò omi jù. Bí a kò bá ní ṣètò fún èyí, ó sàn kí a má ra ìkòkò rárá.

Ètò tí a dá lábàá kò le. Kí a kọ orúkọ ọmọ méjì sílẹ̀ fún ìkòkò kọ̀ọ̀kan, àgbà kan àti ọmọdé kan. Bí àgbà bá jáde ilé-kéú, ọmọdé yóò di àgbà, a ó sì fi òmíràn sí i. Bí ìsinmi bá dé, kí ọmọ tí ilé rẹ̀ wà nítòsí gbé tirẹ̀ lọ sílé, tàbí kí ará mọ́ṣáláṣí kan tí kì í pa ìrun àárọ̀ jẹ gba ìtọ́jú rẹ̀ ṣe. Àwọn àgbà mọ̀ pé ẹran tí gbogbo ilé ní, ebi ní í pa á. Ní ọgbà igi Kew ní ìlú London, igi kan wà tí ó jọ ọ̀pẹ, tí Francis Masson kó dé láti Gúúsù Áfíríkà ní 1775. Inú ìkòkò ló wà, ó sì wà láàyè lẹ́yìn nǹkan bí 250 ọdún. Ẹni tó mú un wá ti kú tipẹ́. Láti ọwọ́ dé ọwọ́ ni ìtọ́jú rẹ̀ ń lọ. Bí wọ́n bá lè ṣe é níbi tí òtútù ti ń pa igi ilẹ̀ gbígbóná, kí ló dí àwa lọ́wọ́?

Èkejì, kí a yan igi tí ó wúlò. Ọsàn wẹ́wẹ́ a máa so nínú ìkòkò tó tóbi. Ewúro kò nílò ju kí a ṣẹ́ igi rẹ̀ kí a sì gún un mọ́ iyẹ̀pẹ̀. Làálì tí àwọn ìyàwó fi ń ṣe ọ̀ṣọ́ ọwọ́ àti ẹsẹ̀, igi kékeré ni, oòrùn kì í sì í tètè pa á. Ní ti máńgòrò àti àwọn igi ńlá mìíràn, ilé àlejò ni ìkòkò jẹ́ fún wọn. Kí a tọ́ wọn níbẹ̀ títí wọn yóò fi lágbára díẹ̀, kí ọmọ tó bá ṣe wòlímọ̀ sì gbé tirẹ̀ lọ gbìn sí ilẹ̀ nílé baba rẹ̀. Ẹ̀bùn yìí yóò pẹ́ ju fọ́tò lọ.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà ìtọ́jú. Ìkòkò tí kò ní ihò nísàlẹ̀, sàréè ni fún igi, nítorí pé omi yóò dúró, gbòǹgbò yóò sì jẹrà. Báàfù tó ti ya tàbí garawa àtijọ́ ṣe é lò bí a bá lu ihò sí ìdí rẹ̀. Kí a po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ iyanrìn díẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran tó ti jẹrà. Ìgbẹ́ adìẹ tútù a máa jó gbòǹgbò. Kí a tó bu omi, kí a ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Bí ó bá tutù, kí a fi í sílẹ̀, nítorí pé omi àpọ̀jù ń pa igi gẹ́gẹ́ bí òùngbẹ. Bí ó bá gbẹ, kí a bu omi sí i títí yóò fi máa ro jáde nísàlẹ̀. Kí omi má ṣe dúró nínú àwo abẹ́ ìkòkò, nítorí ibẹ̀ ni ẹ̀fọn ń yé sí. Lẹ́yìn ọdún méjì tàbí mẹ́ta, bí gbòǹgbò bá ti ń yí ara rẹ̀ po, kí a gbé igi náà sínú ìkòkò tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní omi wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo omi tó ń ṣàn lọ sínú gọ́tà níbi àlùwàlá wa nígbà ìrun kan ṣoṣo. Kò sí ọṣẹ nínú rẹ̀. Báàfù kan lábẹ́ ẹ̀rọ omi tó láti gbà á. Mudd kan, èyí tí kò tó lítà kan, ni Ànábì wa fi ń ṣe àlùwàlá. Bí a bá ń sún mọ́ ìṣe rẹ̀, tí a sì ń gba èyí tó bá ṣẹ́ kù, omi kò ní wọ́n àwa, kò sì ní wọ́n igi.

Àwọn òbí mìíràn yóò sọ pé kéú ni àwọn rán ọmọ wá kọ́, kì í ṣe iṣẹ́ àgbẹ̀. A kò dá wọn lẹ́bi, nítorí pé ìgbà kan wà tí àwọn ọmọ kéú ń lo ọjọ́ púpọ̀ lóko ju ìdí wàláà lọ. Ohun tí a ń béèrè kò ju búútà omi kan lọ lówùúrọ̀. Kí olùkọ́ kankan má ṣe sọ ọ́ di ìjìyà fún ọmọ tó pẹ́ dé, nítorí pé ọmọ yóò kórìíra ohun tí a fi jẹ ẹ́ níyà. Ọmọ tó bá sì kọ́ láti rántí nǹkan tí kò lè ké, tí kò lè bèèrè, kò ní ṣòro fún un láti rántí òbí rẹ̀ nígbà tí ara wọn bá di ará àgbà.

Kí Ọlọ́hun jẹ́ kí a jẹ́ olùpa àmánà mọ́, kékeré àti ńlá. Kí Ó jẹ́ kí ohun tí a bá gbìn so èso fún wa nílé ayé àti ní ọ̀run. Àmín.