Àkàrà Ni Ó Yẹ Kí A Rán Níṣẹ́



Wọ́n ní kí Nàìjíríà máa fi oúnjẹ wá ojúrere orílẹ̀-èdè mìíràn. Ìmọ̀ràn náà dára. Láti 2002 ni ìjọba Thailand ti ń ran ilé oúnjẹ wọn lọ́wọ́ ní òkè òkun. Ṣùgbọ́n ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù ni àwọn tiwa ń gbé síwájú, tí wọ́n ń bá ará Gánà du. Àwọn Wolof ni ó ni orúkọ yẹn. UNESCO sì ti kọ ceebu jën sílẹ̀ fún Sẹ̀nẹ̀gàl ní 2021. Aṣọ àyálò ni a gbé wọ̀ lọ sí òde.

Ìrẹsì yìí kan náà wà lára ohun tí ìjọba torí rẹ̀ ti ibodè Ìdí-Ìrókò ní oṣù kẹjọ 2019. Oṣù kẹrin 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Àwa ará Yewa mọ ohun tí ìyẹn jẹ́: ọmọ ìyá wa ni ará Pọ̀bẹ́, Ṣàkẹ́tẹ́ àti Kétu. Ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àlejò wo ni yóò fi oúnjẹ fà mọ́ra?

Àkàrà ti ń jẹ́ ikọ̀ kí a tó dá Nàìjíríà sílẹ̀. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú ni wọ́n gbé e dé Bahia. Acarajé ni wọ́n ń pè é níbẹ̀: “àkàrà” àti “jẹ” ni wọ́n so pọ̀. Epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, àwọn olórìṣà ibẹ̀ sì fi ń bọ Ọya. Ní 2005, ìjọba Brasil kọ iṣẹ́ àwọn alákàrà Bahia sínú ìwé ogún àjogúnbá orílẹ̀-èdè wọn.

Àwọn kan yóò ní oúnjẹ òrìṣà kò yẹ àsè ìjọba. Ní Bahia pẹ̀lú, àwọn onígbàgbọ́ kan sọ ọ́ di “àkàrà Jésù”. Àwọn alákàrà tí wọ́n mọ orírun rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ṣe é re. Oúnjẹ tí a bọ́ orúkọ àti ìtàn lára rẹ̀ di ọjà lásán. Kò lè ṣojú ẹnikẹ́ni.

Ọ̀nà kò jìn. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tiwa, ti Yewa àti Kétu, ni orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò jọ gbé tọ UNESCO lọ, tí wọ́n sì gbà á ní 2001. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún àkàrà, kí wọ́n sì pe Brasil mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ jẹ́ kí ibodè wà ní ṣíṣí fún ẹni tí a jọ ń jẹ ẹ́.

Ìṣẹ̀ṣe l’àgbà.