ÈṢÙ KÒ SÍ NÍNÚ BÍBÉLÌ: Ẹ JẸ́ KÍ A KỌ́ BÍ A TI Ń KA ÌWÉ

  Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá sínú ìwé ìròyìn wa lónìí kò ní dùn mọ́ gbogbo ènìyàn nínú, ṣùgbọ́n bí òtítọ́ bá tilẹ̀ korò, a kì í torí bẹ́ẹ̀ gbé e mì.

Wọ́n pè mí síbi ìsọmọlórúkọ kan láàárín àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n ti pẹ́ ní òkè òkun. Èṣùbíyìí ni orúkọ ìdílé bàbá ọmọ náà. Pásítọ̀ tí wọ́n ní kí ó wá gbàdúrà kọ̀ jálẹ̀, kò pe orúkọ náà. Ó ní ẹnu tí òun fi ń pe Jésù, òun kò lè fi pe ọ̀tá Ọlọ́run. Ó ṣí Bíbélì Yorùbá rẹ̀, ó fi ìka tọ́ ibi tí wọ́n kọ “Èṣù” sí, ó ní: “Ẹ fojú ara yín rí i. Èmi kọ́ ni mo kọ ọ́, Ọlọ́run ló kọ ọ́.” A kò tíì jẹun tán tí ìdílé náà fi gbà pé àwọn yóò yí orúkọ padà. Bàbá àgbà, ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò.

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Lọ́jọ́ yẹn, ìwé la wò, a kò sì kà á dáadáa.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ: ẹni tó bá fẹ́ fi Bíbélì dá wa lẹ́jọ́, kí ó kọ́kọ́ mọ Bíbélì kà. Kíkà tí mo ń wí kì í ṣe kí ènìyàn mọ a, b, d. Kí ó bèèrè ni. Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí? Èdè wo ló fi kọ ọ́? Ta ló túmọ̀ rẹ̀ fún wa? Ọ̀rọ̀ wo ló wà níbẹ̀ kí ìtumọ̀ tó dé?

ỌNÀ MÉJÌ NI A Ń GBÀ KÀ Á

Àwọn onígbàgbọ́ kan máa ń fi ìkúnlẹ̀ ka Bíbélì. Wọ́n á jí ní òwúrọ̀, wọ́n á ṣí i, wọ́n á ní kí Ọlọ́run bá àwọn sọ̀rọ̀. Èmi kì í fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ni kò mọ ìyá kan tó jẹ́ pé Orin Dáfídì ló mú un la ọ̀fọ̀ já? Àwọn mìíràn ń kà á bí akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n kọ́ Hébérù àti Gíríìkì, wọ́n ń fi ẹ̀dà kan wé èkejì, wọ́n ń wádìí ìgbà tí wọ́n kọ ọ́ àti ìdí tí wọ́n fi kọ ọ́. Nínú wọn, ọ̀pọ̀ ló jẹ́ àlùfáà tí ń gbàdúrà lójoojúmọ́.

Ẹni tó kúnlẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Ìjà bẹ̀rẹ̀ nígbà tó dìde lórí ìkúnlẹ̀, tó lọ jókòó sórí àga adájọ́, tó wá ń fi ohun tó gbọ́ lórí ẹní àdúrà pa orúkọ ìdílé onílé rẹ́. Àdúrà jẹ́ tirẹ̀. Ẹjọ́ ń fẹ́ ẹ̀rí.

KÍ LÓ WÀ NÍBẸ̀ KÍ YORÙBÁ TÓ DÉ?

Èdè Hébérù ni wọ́n fi kọ èyí tó pọ̀ jù nínú Májẹ̀mú Láéláé. Nínú èdè náà, “satan” kì í ṣe orúkọ àbísọ. Alátakò ni ìtumọ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tí ń fẹ̀sùn kanni. Ẹ ṣí Númérì orí 22. Nígbà tí Báláámù gun kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ rẹ̀ lọ, áńgẹ́lì Olúwa fúnra rẹ̀ ló dúró lójú ọ̀nà láti dè é lọ́nà. “Satan” ni ọ̀rọ̀ tí Hébérù lò fún ohun tí áńgẹ́lì náà wá ṣe. Ẹ ṣí Sámúẹ́lì Kìíní orí 29. Àwọn ìjòyè Filísínì ń bẹ̀rù pé Dáfídì lè di “satan” fún àwọn lójú ogun. Ṣé Dáfídì náà wá di èṣù ni?

Nínú ìwé Jóòbù, Hébérù fi ọ̀rọ̀ kékeré kan ṣáájú “satan” tó fi hàn pé ipò ni, bí ìgbà tí a bá sọ pé “Olùfisùn náà”. Ó bá àwọn ọmọ Ọlọ́run wá síwájú Ọlọ́run, ó jíṣẹ́ ìrìn tó rìn káàkiri ayé, kò sì fọwọ́ kan Jóòbù àfi ìgbà tó gbàṣẹ. Òṣìṣẹ́ ààfin ọ̀run ni.

Ẹ tún wo èyí. Sámúẹ́lì Kejì orí 24 ní Olúwa ló ti Dáfídì láti ka àwọn ènìyàn. Kíróníkà Kìíní orí 21, tí wọ́n kọ lẹ́yìn rẹ̀, sọ ìtàn kan náà, ṣùgbọ́n ó ní Sátánì ló tì í. Ìtàn kan, ẹni méjì. Ẹni tó bá fi ìkúnlẹ̀ nìkan kà á yóò yára ṣí ewé tó kàn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò dúró níbẹ̀, yóò sì rí i pé èrò àwọn Júù nípa ẹni náà ń yí padà díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí wọ́n túmọ̀ ìwé wọn sí Gíríìkì, kí wọ́n tó bí Jésù, “diabolos” ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ìyẹn ẹni tí ń ba tẹlòmíràn jẹ́. Nígbà tí wọ́n fi kọ Májẹ̀mú Tuntun, ó ti di ọ̀tá Ọlọ́run paraku. Ejò inú Jẹ́nẹ́sísì pàápàá, ejò lásán ni orí kẹta pè é. Kò pè é ní Sátánì níbẹ̀ rárá.

Nínú gbogbo èyí, níbo ni Èṣù wà? Kò sí ní Hébérù. Kò sí ní Gíríìkì. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Bràsíìlì, ẹ wá a nínú Bíbélì èdè Pọtogí yín. Ẹ̀yin ti Kúbà, ẹ wá a nínú ti Sípéènì. Ẹ kò ní rí i. Inú Bíbélì Yorùbá ni wọ́n ti fi í sí.

TA LÓ FI Í SÍBẸ̀?

Ọmọ wa ni. Samuel Àjàyí Crowther, tí àwọn akónilẹ́rú kó ní Òṣoogùn ní 1821, tó di àlùfáà ní 1843 àti bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ló ṣe iṣẹ́ ìtumọ̀ náà. Odindi Bíbélì Yorùbá jáde ní 1884. Èmi kò ní bú Crowther. Iṣẹ́ tó ṣe fún èdè wa kò kéré, bí ẹ sì ti ń ka èyí tí mo kọ yìí, ẹ ń jẹ nínú rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹni tó ń túmọ̀ ń yan ọ̀rọ̀ ni. Wọ́n yan “àdúrà”, “àlùfáà”, “wòlíì” àti “ìwàásù”. Ẹnu àwọn Mùsùlùmí Yorùbá ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn ti wá, láti inú èdè Lárúbáwá. Wọ́n yan Ọlọ́run àti Olódùmarè, tí àwọn baba wa ń pè kí ọkọ̀ míṣọ́nnárì tó gúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí “satan” ti Hébérù nínú Jóòbù, wọ́n fi Sátánì sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí “diabolos” nínú Mátíù orí 4, wọ́n kọ Èṣù. Wọ́n tún pe àwọn ẹ̀mí burúkú ní “ẹ̀mí èṣù”.

Ìbéèrè mi rèé, kí ẹni tó bá lè dáhùn dáhùn: bí Olódùmarè wa bá yẹ fún Ọlọ́run inú Bíbélì, òṣùwọ̀n wo ni wọ́n fi wọn ìránṣẹ́ Olódùmarè tó fi di ọ̀tá rẹ̀? Èṣù tí ń gbé ẹbọ lọ sọ́run, tó ń ṣọ́ oríta, tó ń fìyà jẹ ẹni tó kọ̀ tí kò rúbọ, tó sì ń gbè ẹni tó rú, báwo ló ṣe di ẹni tí ń bá Ọlọ́run jagun? Ọ̀rọ̀ kò wọ́n wa. Sátánì wà nílẹ̀. Bìlísì wà nílẹ̀, gbogbo Yorùbá ló mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ bá rò pé ọmọ Ìṣẹ̀ṣe nìkan ló ń sọ èyí, ẹ lọ ka Bọ́lájí Ìdòwú. Òjíṣẹ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni, òun ló sì di olórí ìjọ náà ní Nàìjíríà lẹ́yìn náà. Nínú ìwé rẹ̀ lórí Olódùmarè, tó jáde ní 1962, ó sọ ọ́ gbangba pé Èṣù kì í ṣe èṣù inú Májẹ̀mú Tuntun, pé ẹni tó bá fẹ́ fi í wé ẹnì kan, ti inú ìwé Jóòbù ló sún mọ́ ọn. Oníwàásù ni, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni. Ẹ̀kọ́ kò gba ìgbàgbọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

IBI TÍ ÀÌBÉÈRÈ Ń GBÉNI DÉ

Àwọn kan yóò ní, “Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ ń tìtorí rẹ̀ pariwo?” Ẹ jẹ́ kí n rán wọn létí. Wọ́n fi Jẹ́nẹ́sísì orí 9 kó wa lẹ́rú, wọ́n ní Nóà fi ènìyàn dúdú gégùn-ún. Ẹ kà á. Kénáánì ni Nóà gégùn-ún fún, kì í ṣe Hámù, ibẹ̀ kò sì dárúkọ àwọ̀ kankan. Ní 1807, wọ́n tẹ Bíbélì kan ní Lọ́ńdọ̀nù fún àwọn ẹrú dúdú ní àwọn erékùṣù Gẹ̀ẹ́sì ní Kàríbéánì. Wọ́n yọ ìtàn bí Mósè ṣe kó àwọn ẹrú jáde kúrò ní Íjíbítì. Wọ́n fi ibi tí Pọ́ọ̀lù ti ní kí ẹrú máa gbọ́ràn sí ọ̀gá sílẹ̀. Ẹrú tó bá fi gbogbo ọkàn rẹ̀ ka ìwé yẹn, tí kò sí òmíràn lọ́wọ́ rẹ̀ tó lè fi wé e, kí ni yóò rò pé Ọlọ́run ń sọ?

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyálórìṣà Gildásia dos Santos, Mãe Gilda ti Salvador ní Bàhíà. Ní 1999, ìwé ìròyìn ìjọ ńlá kan gbé àwòrán rẹ̀ jáde lábẹ́ àkọlé tó pe àwọn ẹlẹ́sìn wa ní ẹlẹ́tàn tí ń run owó àti ayé àwọn ènìyàn. Wọ́n wá dà á láàmú nínú ilé òrìṣà rẹ̀. Ó kú ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní ọdún 2000. Ní 2007, ìjọba Bràsíìlì fi òfin ya ọjọ́ náà sọ́tọ̀ láti máa gbógun ti ìkórìíra ẹ̀sìn. Ẹni tó bá ti gbà pé Èṣù ni Sátánì, kí ni yóò rò nípa ìyá tó ń bọ Èṣù? Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè sọ aládùúgbò di ọ̀tá.

“ÌWÉ A MÁA PANI”

Wọ́n fẹ́ràn láti fi ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù dá wa lóhùn, pé ìwé a máa pani, ẹ̀mí ló ń fúnni ní ìyè. Ẹ ka orí náà dé ìparí. Òfin tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ni Pọ́ọ̀lù ń bá wí níbẹ̀, kò sọ pé kí a má ṣe kẹ́kọ̀ọ́. Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì orí 17 sì yin àwọn ará Bèríà nítorí pé wọn kò gba ohun tí Pọ́ọ̀lù wàásù láìwádìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń yẹ ìwé wò bóyá bẹ́ẹ̀ ni. Bí wọ́n bá lè yẹ Pọ́ọ̀lù wò, ta ni pásítọ̀ tí a kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò?

ÀWA NÁÀ ŃKỌ́?

Kí n má fi ìka kan tọ́ wọn kí n gbàgbé èyí tó kọjú sí wa. Àwọn kan wà láàárín wa tí wọ́n ní kí a dáná sun Bíbélì, kí a má tilẹ̀ fọwọ́ kàn án. Àìmọ̀kan náà nìyẹn. Ìwé tí wọ́n ń fi nà wá, ó yẹ kí a mọ̀ ọ́n ju ẹni tó mú un lọ́wọ́ lọ. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n á ní “Ifá ló wí bẹ́ẹ̀”. Bí ọmọ awo bá bèèrè odù tó ti jáde, wọ́n á fajú ro. Kí ni ìyàtọ̀ àárín wọn àti pásítọ̀ tó ní “Ọlọ́run ló kọ ọ́”? Awo tòótọ́ mọ odù tó ń kì, ó sì mọ ẹni tó kọ́ ọ. Ẹ wo Wándé Abímbọ́lá, babaláwo tó tún jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó tẹ̀lé àwọn àgbà awo, ó kọ ẹsẹ Ifá sílẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ jáde láti 1968. Kò dẹ́kun ìbọ nítorí pé ó ń wádìí, ìwádìí rẹ̀ kò sì dúró nítorí pé ó ń bọ.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ìka tọ́ “Èṣù” fún yín nínú Bíbélì, ẹ má bú u, ẹ má sì sá. Ẹ fi sùúrù bi í pé: kí ló wà níbẹ̀ ní Gíríìkì? Ta ló yí i padà sí Èṣù? Kí ló dé tí kò sí nínú ti Pọtogí? Kí àwọn tó ń tẹ Bíbélì Yorùbá náà gbọ́: ẹ fi Sátánì síbẹ̀, ẹ dá Èṣù padà fún àwọn tó ni ín.

Bàbá ọmọ ọjọ́ yẹn, bí ìwé ìròyìn yìí bá dé ọwọ́ yín, kò tíì pẹ́ jù. Kò sí ẹsẹ kan nínú Bíbélì tó bá orúkọ baba yín jà. Ẹ padà lọ bá bàbá àgbà, ẹ dọ̀bálẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu ara wọn pe ọmọ-ọmọ wọn ní orúkọ tí wọ́n bá a nílé.

Kí Olódùmarè fún wa ní ojú tí ń ríran àti etí tí ń gbọ́ràn. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ.