Igi Ìdáná àti Ìbò Ìjọba Ìbílẹ̀

Kí ilẹ̀ tó mọ́ ní Sábọ́n Gàrí ìlú Kánò, èéfín ti ń rú lẹ́yìn búkà. Ìyá olóúnjẹ tí yóò ro àmàlà fún àwọn oníṣòwò ọjà kò lè dúró de iná mànàmáná, owó kẹrosíìnì kò sì jẹ́ kí ó sún mọ́ sítóòfù. Igi ni ó ń dá. Ẹni tí ó bá ń wá ìbò rẹ̀ fún ipò alága tàbí kánsẹ́lọ̀ yẹ kí ó mọ iye tí ìdì igi kan jẹ́. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀ ọ́n. Ìrẹsì ni wọ́n ń pín, bí ẹni pé ìrẹsì ń se ara rẹ̀.

Iṣẹ́ igi kì í ṣe iṣẹ́ aláìnírònú bí àwọn kan ti ń fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Nínú igbó, ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ti ń gba ipò àáké. Bẹntiróòlù tí wọ́n po ọ́ìlì mọ́ ni ó ń mu, wọ́n sì gbọ́dọ̀ máa pọ́n eyín rẹ̀ nígbà gbogbo. Igi tí àáké ń jẹ títí di ọ̀sán, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni ó fi ń gé e. Ṣùgbọ́n bí igi náà bá ti dé ìlú, ọ̀rọ̀ di ti àáké padà. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ kì í fi agbára nìkan la igi. Yóò kọ́kọ́ yẹ ojú ibi tí wọ́n ti gé e wò, yóò wá ibi tí ó ti sán, ibẹ̀ ni yóò sì sọ àáké sí, yóò yẹra fún kókó. Bí igi bá yi, yóò ki irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó bọ̀ ọ́, yóò fi òòlù gbá a wọlé títí igi yóò fi ya. Èèkù tí kò dúró ṣinṣin ni ẹ̀rù iṣẹ́ náà, nítorí orí àáké lè fò yọ lọ bá ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀.

Oníbàárà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Igi gbígbẹ fúyẹ́, ẹnu rẹ̀ sán, ó sì ń dún ketekete bí wọ́n bá fi méjì kan ara wọn. Ẹni tí ó ra igi tútù, omi àti èéfín ni ó fowó rà, nítorí iná gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lé omi inú rẹ̀ jáde kí ìkòkò tó gbóná. Àyin, tí àwọn Hausa ń pè ní marke, kì í pẹ́ lórí àtẹ. Ẹyin iná rẹ̀ kì í tètè kú.

Owó igbó, owó ayùn, owó ọkọ̀, owó alágbàrù, owó ẹni tí ó là á: gbogbo ìyẹn tọ́. Èyí tí kò tọ́ ni owó ojú ọ̀nà. Wọ́n á na okùn gba títì, àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ìjọba á sì máa jáwèé fún awakọ̀ onígi. Òfin owó orí tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 1998 ti ka dídí ọ̀nà láti gba owó orí léèwọ̀ níbikíbi ní Nàìjíríà. Kì í sì í ṣe awakọ̀ ni ó ń san án. Ìyá olóúnjẹ ni, ẹni tí ó wá jẹun sì ń rí i nínú bí òkèlè ti kéré sí i.

Ìlérí kan tí ó sábà máa ń jáde ní àsìkò ìbò ni pé wọn yóò lé àwọn onígi kúrò lẹ́bàá títì. Wọ́n lé e lónìí, ó padà lọ́la, ẹ̀gúnjẹ ni ó sì fi padà. Òfin ìpìlẹ̀ 1999 fi dídá ọjà sílẹ̀ àti ṣíṣètò rẹ̀ sí ọwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Alága tí ó ní irú agbára bẹ́ẹ̀ lè wá ilẹ̀ tí ó jìnnà sí ilé, níbi tí igi yóò ti gbẹ láìsí ẹ̀rù iná.

Ìlérí kejì, pé wọn yóò fòfin de igi gígé pátápátá, ṣòro láti fi ṣẹ̀sín, nítorí òtítọ́ ni ẹ̀rù tí ó bí i. Ibi tí wọ́n ti ń kó igi ń jìnnà sí i. Ẹ̀mi àti igbá, tí àgbẹ̀ ń dá sí nítorí òrí àti irú, ń bọ́ sínú ọkọ̀ onígi. Ṣùgbọ́n òfin tí kò bá pèsè gáàsì olówó pọ́ọ́kú, tàbí ààrò amọ̀ tí ó bo iná yí ká tí kì í jẹ igi tó ti òkúta mẹ́ta, oúnjẹ ni yóò di fún àwọn tí ó na okùn sí ojú ọ̀nà.

Àwọn Yorùbá kan a máa sọ pé àlejò ni àwọn, pé igbó Kánò kò kan àwọn. (Ní Ìbàdàn, Hausa ni ó ń gbé Sábó, ní Kánò, Yorùbá wà níbẹ̀.) Àlejò tí bàbá rẹ̀ àgbà ti dáná níbẹ̀ ti jẹ nínú igbó náà, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú ìwé ìdìbò.

Nígbà tí àwọn olùdíje bá wá sí ìpàdé, kí wọ́n bi wọ́n léèrè: èló ni ìdì igi? Ta ni ń gba owó ojú ọ̀nà, àpò ta ni ó sì ń bọ́ sí? Igi mélòó ni wọn yóò gbìn, ta ni yóò sì máa bomi rin ín ní oṣù kẹta, nígbà tí òjò kò tíì rọ̀? Ìyá olóúnjẹ ni kí ó kọ́kọ́ béèrè.