Orogún Tí A Fi Irin Ṣe

Ẹjọ́ tí mo gbé wá lóṣù yìí, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ló dá a sílẹ̀.

Nígbà tí mo lọ kí àbúrò mi ọkùnrin ní Lọ́ńdọ̀nù, n kò tíì jókòó tán tí ìyàwó rẹ̀ fi fà mí lọ́wọ́ lọ sí gáréèjì. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wá wo orogún mi." Mo wò, mo rí ọkọ̀ pupa kan, imú rẹ̀ gùn gbọọrọ, kò ní táyà kankan lẹ́sẹ̀. Datsun 240Z ni, ti ọdún 1972. Ìyàwó wa kò kúkú purọ́: nígbà tí ilé-iṣẹ́ Nissan kọ́kọ́ gbé irú ọkọ̀ náà jáde ní Japan ní ọdún 1969, Fairlady Z ni wọ́n pè é, ìyẹn ni pé wọ́n fi orúkọ arẹwà obìnrin pè é. Ọ̀gbẹ́ni Yutaka Katayama, tí ó ń bójú tó ọjà wọn ní Amẹ́ríkà, ni kò gbà kí wọ́n lo orúkọ náà lọ́hùn-ún.

Ọkọ̀ náà kì í ṣe ẹgbẹ́ yẹ̀yẹ́ o. Ní ọdún 1971 àti ọdún 1973, irú rẹ̀ ló gba ipò kìn-ín-ní nínú eré ìje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, nínú eruku àti ẹrẹ̀. Ohun tí ẹrẹ̀ kò lè fi í ṣe, òjò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi í ṣe: ilẹ̀ ibi tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé ti dógùn-ún, abẹ́ bátìrì sì ti jẹ tán.

Ṣùgbọ́n ẹrù tó yí ọkọ̀ náà ká ló dá ìjà sílẹ̀. Àbúrò mi ń ra ohun tí ọkọ̀ nílò, ó sì ń ra ohun tí ọkàn òun fẹ́: ìwé ìpolówó àtijọ́, ìdè kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ ìṣeré ọmọdé tí kò jẹ́ kí ọmọ kankan fọwọ́ kàn, aago inú ọkọ̀ mẹ́ta tí ọ̀kan ṣoṣo kò ṣiṣẹ́ nínú wọn. Ọjọ́ tí ìyàwó rí rìsíìtì sítíárìn kan ni ilé-ìwé ọmọ wọn kọ̀wé pé wọn kò tíì san owó ìrìn-àjò ẹ̀kọ́. Inú bí i, ó gbé páálí kan fún àwọn tí ń kó àlòkù irin. Gbogbo bóòtù ilẹ̀kùn ọkọ̀ ló wà nínú páálí náà. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, wọn kò bá ara wọn sọ ju "ẹ káàárọ̀" lọ.

Àwọn méjèèjì ní kí n dá ẹjọ́ náà. Mo ní ìyàwó jẹ̀bi, nítorí ohun tí a kò mọ ìwúlò rẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń sọ nù. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi ọkọ ló pọ̀ jù, nítorí ó fi iye owó pamọ́ fún aya rẹ̀. Inú rẹ̀ kò dùn. Ìyẹn kò kàn mí.

Ìwé ńlá kan ni mo ní kí wọ́n rà, kí ìyàwó sì máa tọ́jú rẹ̀. Ohunkóhun tí ó bá wọlé, kí ó kọ iye rẹ̀, kí ó kọ ọdún ọkọ̀ tí a ṣe é fún, kí ó sì kọ bóyá ọkọ̀ ló nílò rẹ̀ tàbí ọkàn ọkọ. Bóòtù tí wọ́n bá tú, wọn yóò ya àwòrán ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀, wọn yóò dì í sínú ọ̀rá, wọn yóò kọ orúkọ sí i lára. Aago méjì àti ìwé ìpolówó tí ó jẹ́ ìbejì di títà, owó wọn ni wọ́n fi ra irin ilẹ̀ ọkọ̀.

Kí n tó kúrò níbẹ̀, ọkọ fẹ́ ra ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kan tí ẹni tí ń tà á fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́. Ìyàwó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo àwòrán náà títí, ó ní, "Olówó orí mi, èyí ní ihò méjì lábẹ́ gíláàsì. Tiwa kò ní." Òótọ́ ni. Lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ni ihò atẹ́gùn àwọn 240Z àkọ́kọ́ wà. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ẹ̀yìn, lábẹ́ àmì Z olóbìírípo. Àbúrò mi wo ìyàwó rẹ̀ bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e níyàwó. Lọ́jọ́ kejì, a san owó ilé-ìwé.

Ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, ìyàwó wa fi bébà kan há mi lọ́wọ́: ìwọ̀n bóòtù ilẹ̀kùn, kí n bá òun wò ó ní Ládípọ̀. Ó ní òun lòun sọ ti àkọ́kọ́ nù, òun ni yóò wá òmíràn.