Orúkọ ta ló wà lórí wẹ́bùsáìtì tí ẹ sanwó rẹ̀?

Ẹni tó bá rìn wọ ọjà Alábà ní Ọjọ́ yóò rí àdírẹ́ẹ̀sì wẹ́bùsáìtì lára pátákó ṣọ́ọ̀bù, yóò rí i lára rìsíìtì, yóò sì tún bá a lára náílọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń di ọjà fún oníbàárà. Owó gidi ni wọ́n fi tẹ gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ bi ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù léèrè pé orúkọ ta ni wọ́n fi ra àdírẹ́ẹ̀sì náà, ohun tí ẹ máa gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni pé, "Ọmọ LASU kan ló bá mi ṣe é." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ náà lè ti jáde ní yunifásítì. Ó lè ti lọ ṣe agùnbánirọ̀ ní Sókótó, ó sì lè ti wọkọ̀ òfuurufú lọ sí Kánádà. Nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lè má lọ mọ́. Lọ́jọ́ tí ọdún tí wọ́n san owó rẹ̀ bá sì pé, inú ímeèlì ọmọ yẹn ni ìkìlọ̀ yóò wọ̀, kò ní dé ọ̀dọ̀ oníṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù yóò kàn ṣí fóònù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan ni, sáìtì kò ní ṣí mọ́.

Ká sọ òótọ́, àwọn ọ̀dọ́ yìí mọṣẹ́. Nígbà kan, ní bíi ọdún 2000 sí 2010, kafé ni ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ wẹ́bùsáìtì ní Ìyànà Ìbà tàbí Òkókómaikó ti ń kọ́ ọ. Yóò sanwó òru mọ́jú, yóò sì máa gbàdúrà kí iná má lọ. Lónìí, ọ̀pọ̀ ohun èlò iṣẹ́ náà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. W3Schools, tó ti wà láti 1998, ń kọ́ èèyàn ní HTML láti ìbẹ̀rẹ̀. freeCodeCamp, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ń kọ́ni láìgba kọ́bọ̀. WordPress, tí wọ́n gbé jáde ní 2003, ni sáìtì tó lé ní mẹ́rin nínú mẹ́wàá kárí ayé ń lò, ọ̀fẹ́ sì ni. Ẹni tó fẹ́ máa ta ọjà lórí sáìtì rẹ̀ yóò fi WooCommerce kún un, wọn kò gbowó ìyẹn náà. Ìwé ẹ̀rí ààbò, tí kì í jẹ́ kí búráúsà máa kìlọ̀ fún oníbàárà pé sáìtì yín kò ṣeé fọkàn tán, Let's Encrypt ti ń fún aráyé ní tirẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2015.

Nítorí náà, ọgbọ́n orí ọmọ náà àti àsìkò rẹ̀ lẹ ń sanwó fún. Ohun méjì pàtàkì ló kù tí ẹ ó máa sanwó fún lọ́dọọdún: orúkọ sáìtì, tí wọ́n ń pè ní dómẹ́ìnì, àti ibi tí sáìtì ń gbé, tí wọ́n ń pè ní họ́sítíǹgì. Họ́sítíǹgì dà bí ilé tí èèyàn rẹ́ǹtì, tí kò bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ lè kó ẹrù yín jáde. Orúkọ ni ilẹ̀. Bí bíríkìlà bá bá yín ra ilẹ̀ ní Ìbà, tó wá kọ orúkọ tirẹ̀ sínú ìwé ilẹ̀, ṣé ẹ máa ní kò burú, torí pé ó mọ ilé kọ́ dáadáa?

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí orúkọ tí owó rẹ̀ ti tán kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Fún orúkọ tó parí sí .com, ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á lè fún yín ní àyè títí dé ọjọ́ 45 láti san án. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọgbọ̀n ọjọ́ kan tún wà tí ẹ lè fi gbà á padà, ṣùgbọ́n owó ìtanràn rẹ̀ máa ń gani lára. Tí ìyẹn náà bá kọjá, ọjọ́ márùn-ún ló kù, orúkọ náà sì di ti ẹnikẹ́ni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀. Ẹni tó bá rà á lè gbé ọjà tirẹ̀ síbẹ̀. Gbogbo náílọ́ọ̀nù tí ẹ ti tẹ̀ wá di ìpolówó ọjà ẹlòmíràn.

Àwọn ọ̀dọ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn láti rò, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Oníṣòwò yóò ní kí wọ́n bá òun ṣe sáìtì, yóò san ìdajì owó, lẹ́yìn tí sáìtì bá sì jáde tán, "ẹ padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀" ni yóò máa sọ fún oṣù mẹ́ta. Ọmọ tí kò ní lọ́yà, tí kò ní ọlọ́pàá, kí ló fẹ́ fi gbowó rẹ̀? Orúkọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló máa fi ṣe ìdógò. Bí àṣà yìí ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn, oníṣòwò tó ń jẹ gbèsè sì wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀. Ọ̀nà àbáyọ kò le: kí oníbàárà fi ímeèlì ara rẹ̀ ra orúkọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ọmọ náà kọ́ sáìtì sórí họ́sítíǹgì tó wà níkàáwọ́ tirẹ̀, kí ó má sì gbé e fún oníbàárà àfi tó bá gba owó rẹ̀ pé. Ìdógò wà, ṣùgbọ́n ilẹ̀ wà lọ́wọ́ onílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dọ́là náà ń dá kún un. Ní 2022, àwọn báǹkì dín ohun tí èèyàn lè fi káàdì náírà ná sókè òkun kù sí 20 dọ́là lóṣù, lẹ́yìn náà ni ọ̀pọ̀ wọn dá a dúró pátápátá, kó tó di pé àwọn kan tún ṣí i ní 2025. Láàárín àsìkò yẹn, ọmọ tó ní káàdì dọ́là ló ń bá gbogbo èèyàn sanwó, orúkọ tirẹ̀ náà ló sì wà lórí gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń ta ní dọ́là mẹ́wàá, tó jẹ́ nǹkan bíi 4,600 náírà kó tó di oṣù kẹfà ọdún 2023, ti di 15,000 náírà ní 2024. Orúkọ tó parí sí .com.ng kò ní wàhálà yìí. NiRA, àjọ tó ń bójú tó .ng, ní àwọn ilé iṣẹ́ tó fọwọ́ sí níbí, náírà ni wọ́n sì ń gbà.

Ibi kan náà tí ẹ tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ ni ibi tí oníbàárà yín ti ń sanwó. Láti ìgbà tí Paystack ti bẹ̀rẹ̀ ní 2015, kò nira mọ́ láti gbowó lórí sáìtì. Orúkọ ilé iṣẹ́ yín àti àkáǹtì báǹkì yín ni kó wà níbẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó kọ́ sáìtì, bó ti wù kó jẹ́ olóòótọ́ tó.

Àwọn kan wà tí kò nílò gbogbo èyí rárá. Ẹni tó ń ta oúnjẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Badagry, tó kàn fẹ́ kí àwọn èèyàn mọ ibi tí òun wà, lè fi ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ sórí máàpù Google lọ́fẹ̀ẹ́, kó sì lo WhatsApp Business tó jáde ní 2018. Kí ẹnikẹ́ni má gbowó lọ́wọ́ rẹ̀ pé sáìtì ni yóò sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀.

Ọ̀kan ṣì kù, àwọn ará Alábà ló sì yẹ kó tètè yé jù, nítorí wọ́n mọ ìyàtọ̀ láàárín ojúlówó àti ayédèrú. Àwọn kan ń gbé ayédèrú àwọ̀ WordPress, tó yẹ kí wọ́n rà, sórí sáìtì oníbàárà. Àwọn olè máa ń kó kóòdù tiwọn pamọ́ sínú irú rẹ̀, sáìtì yín yóò sì máa gbé oníbàárà lọ sí ojúlé tẹ́tẹ́. Ọ̀fẹ́ tó jẹ́ ojúlówó pọ̀ lórí sáìtì WordPress fúnra rẹ̀, nítorí náà kò sí àwáwí.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kàn lè yẹ tirẹ̀ wò kó tó sùn lálẹ́ òní. Ẹ fi fóònù lọ sí lookup.icann.org, ẹ tẹ orúkọ sáìtì yín bó bá jẹ́ .com, ẹ máa rí ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti rà á àti ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa tán. Ti .ng wà lọ́dọ̀ NiRA. Bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ tó kọ́ sáìtì ló wà, ẹ pè é, ẹ san gbèsè rẹ̀ bí ẹ bá jẹ ẹ́, ẹ sì ní kó gba kóòdù tí wọ́n fi ń gbé orúkọ láti ibì kan sí ibòmíràn fún yín. Fún .com, òfin ICANN fún ilé iṣẹ́ náà ní ọjọ́ márùn-ún péré láti gbé kóòdù yẹn sílẹ̀ lẹ́yìn tí ó bá béèrè. Nígbà tí nọ́ńbà rẹ̀ ṣì ń lọ ni kí ẹ pè é.