Ẹ Má Ṣe Lẹ Àmì Mọ́ Purotéènì Láìwọ̀n Ọ́n Mọ́

Ẹ̀yin olùkọ́ àti ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò nílẹ̀ Okun, láti Kabba dé Ìyàrá àti Ìsánlú, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ antibody tí a ń lẹ aró mọ́ ni mo bá wá. À ń ṣe é bíi pé aṣọ là ń rẹ láró, pé bó bá ṣe pọ̀ tó ni yóò ṣe hàn tó. Irọ́ ni. Aró tó ní NHS ester, ara láísìnì ló máa ń lẹ̀ mọ́ jù, láísìnì tó wà lára antibody kan ṣoṣo sì tó nǹkan bí 80, títí kan ibi tó fi ń di kòkòrò mú. Bí aró bá pọ̀ jù, yóò bo ibẹ̀, àwọn aró tó fún mọ́ra yóò sì máa pa ìmọ́lẹ̀ ara wọn. Akẹ́kọ̀ọ́ á wá kọ ọ́ pé kò sí àrùn níbẹ̀.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì. A mú ìgò aró láti inú fírísà, a ṣí i lójú ẹsẹ̀. Lásìkò òjò, ìrì á ti sẹ̀ sí i kí a tó gbé e kalẹ̀, omi á wọ inú rẹ̀, á sì ba NHS ester jẹ́ kó tó kan purotéènì. Ẹ ní sùúrù kí ìgò náà kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́ kí ẹ tó ṣí i! Ẹlòmíì á fi Tris po purotéènì, bẹ́ẹ̀ Tris fúnra rẹ̀ ní amine, òun ni yóò gba aró. Wọ́n á tún fi sodium azide pa antibody tó ní ẹ́ńsáìmù HRP lára mọ́. Azide yẹn gan-an ló ń pa HRP.

Èyí tó dùn mí jù ni pé a kì í wọn iye aró tó lẹ̀ mọ́ antibody. Ẹ fọ aró tí kò lẹ̀ kúrò, ẹ fi spectrophotometer kà á ní 280 àti 494 nm bó bá jẹ́ fluorescein, ẹ yọ ìpín aró kúrò nínú ti 280. Ẹ óò mọ iye aró tó wà lára antibody kọ̀ọ̀kan.

Ẹ́ńsáìmù tún wà tó máa ń lẹ àmì mọ́ ojú kan péré, dípò kó lẹ̀ káàkiri bíi ti NHS ester. Ìlà amino acid LPXTG ni sortase A ń wá. BirA ń lẹ biotin mọ́ láísìnì kan péré nínú AviTag, ìlà tó ní amino acid 15. Lóòótọ́, purotéènì tí a fúnra wa fi LPXTG tàbí AviTag sí lára ni wọ́n wà fún, kì í ṣe antibody ọjà. Ṣùgbọ́n E. coli lè bá wa ṣe irú purotéènì bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí a kò fi kọ́ ọmọ wa ní ọ̀nà yìí?

Ibà Lassa tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní 1969 ṣì ń pa èèyàn ní Ọ̀wọ̀, tí kò jìnnà sí wa. Antibody tó ní àmì lára ni àyẹ̀wò ELISA fi ń wá a. Nítorí náà, ní sáà tó ń bọ̀, ẹ má fọwọ́ sí iṣẹ́ ìwádìí kankan tí akẹ́kọ̀ọ́ ti lẹ àmì mọ́ purotéènì, tí kò kọ iye àmì tó lẹ̀ sínú rẹ̀.